Sìmẹ́ńtì Kọ́ Ni Oògùn Ògiri Alámọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ ilé bí wọ́n bá péjọ láti tún ilé bàbá wọn ṣe. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè le, ká wá to síkátìn sí ìdí rẹ̀ kí omi yéé gùn ún." Bíríkìlà á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí iṣẹ́ ti dé. Àwọn àgbà á fọwọ́ sí i, nítorí ilé á dùn ún wò kí ọjọ́ ìnáwó tó kò. Kò ní ju òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ tí ọ̀dà ìdí ògiri á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí síkátìn á máa ṣí kúrò lára ògiri. Wọ́n á wá gbà pé ilé náà ló gbó, pé amọ̀ ṣáà ni.

Èrò mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èkíní ni pé amọ̀ kò lágbára fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé sìmẹ́ńtì tí a bá fi bò ó ló ń fún un lágbára. Ẹ̀kẹta ni pé síkátìn, ìyẹn pákó tàbí táìsì tóóró tí a ń tò sí ibi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé, ló ń lé omi. Kò sí èyí tó dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí a ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ èkejì ló ń ba ilé jẹ́ jù, nítorí pé owó la fi ń ra ìbàjẹ́ náà.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ṣẹ̀

Kò yẹ ká fi ẹni tó gbà á gbọ́ ṣẹ̀sín, nítorí ojú ló fi rí ohun tó ń sọ. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin, bíríkìlà kan ní ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ohun tó pè ní sìmẹ́ńtì Portland. Ọkọ̀ òkun ló gbé irú sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ dé etíkun wa. Nígbà tó yá tí owó kòkó dé, ẹni tó bá rí jájẹ ní Ìbàdàn, Iléṣà tàbí Ìjẹ̀bú a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí inú ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí òde rẹ̀ sì jẹ́ sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú òpó rìbìtì àti òdòdó tí a fi ọwọ́ mọ sára ògiri, ní ìlànà tí àwọn ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà mú ti Brazil bọ̀. Lọ́dún 1960, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àpò sìmẹ́ńtì sì sún mọ́ tilé-toko. Láti ìgbà náà ni "ilé alámọ̀" ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń bú ènìyàn.

Ẹni tó bá wo àwọn ilé kòkó wọ̀nyẹn á rí i pé ọ̀pọ̀ ṣì dúró, á sì ní sìmẹ́ńtì ara wọn ló gbé wọn ró. Kí ó tún wò ó dáadáa. Òrùlé pàánù wọn yọ jáde kọjá ògiri bí etí fìlà abetí-ajá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú tí kì í jẹ́ kí òjò fẹ́ bá ara ògiri. Ìpìlẹ̀ wọn ga, o gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn kí o tó wọlé. Olówó ló sì ni wọ́n, bí pàánù kan bá jò lónìí, káfíńtà á wà lórí òrùlé lọ́la. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló pa ògiri náà mọ́ ní gbígbẹ. Sìmẹ́ńtì kàn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì gba ìyìn.

Gbígbẹ ni agbára ògiri

Ẹ jẹ́ ká padà sí bí wọ́n ṣe mọ ògiri náà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi jọra. Wọ́n mọ ìpele kan yí gbogbo ilé ká, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ìpele yẹn bá gbẹ ni wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Kò sí ohun kankan tí wọ́n dà sí i tó sọ ọ́ di líle ju pé omi inú rẹ̀ jáde lọ. Amọ̀ inú ilẹ̀ náà ló lẹ iyanrìn pọ̀ bó ṣe ń gbẹ. Ògiri tó gbẹ báyìí lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ògiri kan náà, bí omi bá kún inú rẹ̀, a padà di ohun tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi nípa àtúnṣe èyíkéyìí lára ògiri alámọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé á jẹ́ kí ó gbẹ?

Omi kò lè ṣe kó má wọ ògiri. Ó ń ti òkè wá níbi tí òrùlé ti jò. Ó ń ta sí i láti ilẹ̀ nígbà tí ọ̀wààrà òjò bá ń rọ̀. Ó ń gòkè láti inú ilẹ̀ tó tutù bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Bí ara ògiri bá ṣí, èyí tó wọlé nígbà òjò, ọyẹ́ á fà á jáde. Àmù inú ilé ìyá àgbà ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ohun tó ń mú omi inú rẹ̀ tutù ni pé omi díẹ̀-díẹ̀ ń yọ sí ara rẹ̀ lóde, ó sì ń gbẹ lọ. Ẹ fi ọ̀dà olóròóro kun ara àmù náà yíká, omi inú rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ẹ ti dí ọ̀nà àbájáde rẹ̀.

Ohun tí sìmẹ́ńtì ń ṣe fún ògiri alámọ̀ nìyẹn. Ihò ara rẹ̀ kéré, ó sì há, omi kì í tètè gba inú rẹ̀ gbẹ jáde bíi ti amọ̀. Ìwà wọn kò sì bára mu. Amọ̀ ń wú bó bá mu omi, ó ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì le, kì í bá a wú, kì í bá a sún kì. Bí ọdún ṣe ń yí, àwọn méjèèjì á yà, sìmẹ́ńtì á sì sán níbi tínínrín kan. Bí ògiri kò bá lanu, àwọn àgbà ní, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ibi tó sán yìí ni ẹnu tí ògiri là. Òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ibi tó fẹ̀ tó láti gbà jáde. Omi tó ń gòkè láti ilẹ̀ náà á máa gun ògiri lọ títí á fi rí ibi tí sìmẹ́ńtì parí sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rinrin tó wà ní kókósẹ̀ kí a tó rẹ́ ògiri fi máa ń dé orúnkún tàbí ìbàdí lẹ́yìn tí a rẹ́ ẹ tán.

Iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Omi ilẹ̀ ń gbé iyọ̀ dání. Níbi tí omi bá ti gbẹ, iyọ̀ á dúró, á di hóró-hóró, hóró náà á máa tóbi, á sì máa ti ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì síta. Ìyẹ̀fun funfun tí ọwọ́ ń gbá kúrò lára ògiri, tí àwọn kan ń pè ní ìdọ̀tí, òun nìyẹn. Bí a bá kun ọ̀dà tuntun lé e lórí, iyọ̀ kò bínú. Á tún ti èyí náà síta.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn sìmẹ́ńtì

Ní ilé ìdílé ìyá mi ní Ìbàdàn, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yàrá ẹ̀yìn nígbà kan, wọ́n sì to táìsì sí ìdí ògiri. Mo fi oríkèé ìka kan ògiri náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní ibi tó ṣe déédéé orí mi, ó dún kọ́, ohùn kúkúrú, bí ìgbà tí a kan igi. Nígbà tí mo dé ìbàdí, ohùn náà yí padà, ó ń dún gbọ̀ọ̀, bí ẹni pé igbá ni mo ń lù. Mo ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ibi tó sán. Èépá sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó àwo ńlá ṣí wá lẹ́ẹ̀kan, ó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Kò sí amọ̀ kankan tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdú, ó sì tutù bí ìdí àmù. Ìka mi wọ inú rẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Nígbà tí a yọ táìsì méjì ní ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni ó ṣubú, ọ̀nà ikán sì gba àárín táìsì àti ògiri lọ sókè, ó mọ́ tónítóní bí ẹni fi ìlà fà á. Ògiri náà ń lọ, awọ sìmẹ́ńtì ló dá dúró níwájú rẹ̀, tí gbogbo ilé fi rò pé ìtúnṣe náà ṣì wà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí a ṣe sí yàrá yẹn gan-an nìyẹn.

Àwọn tó dán an wò tí wọ́n sì padà

Ẹnìkan lè ní yàrá kan ní Ìbàdàn kò tó ẹ̀rí. Ní Ranchos de Taos, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé ìjọsìn Kátólíìkì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ San Francisco de Asís. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ti parí láti nǹkan bí ọdún 1816. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ìjọ máa ń fi amọ̀ tuntun pa ara rẹ̀. Ní ọdún 1967, wọ́n ní kí àwọn sinmi wàhálà yẹn, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó. Omi wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì, kò rí ọ̀nà jáde, ó ń jẹ ògiri. Ní ọdún 1979, wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n padà sí amọ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń péjọ ṣe é. Kì í ṣe àìrí sìmẹ́ńtì rà ló dá wọn padà. Wọ́n rà á, wọ́n lò ó, wọ́n rí ìṣe rẹ̀.

Ní agbègbè Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í dá, ilé amọ̀ tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣì wà tí ènìyàn ń gbé inú wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní ilé amọ̀ kò bèèrè ju fìlà tó dára àti bàtà tó dára lọ: òrùlé tó yọ jáde lókè, ìpìlẹ̀ òkúta nísàlẹ̀. Wọn kò dárúkọ ẹ̀wù. Ní Djenné lórílẹ̀-èdè Mali, gbogbo ìlú ló ń jáde lọ́dọọdún láti pa ara mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n tún kọ́ ní 1907.

Àwa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Kí ọdún òrìṣà tàbí ìnáwó ńlá tó dé, àwọn obìnrin ilé a po ẹlẹ́bọ́tọ àti omi ewé, wọ́n a fi pa ilẹ̀ àti ara ògiri. A rò pé ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń fún ògiri ní awọ tí òjò lè jẹ dípò ara rẹ̀, tí ọwọ́ sì lè fi òmíràn rọ́pò lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí sìmẹ́ńtì tà fún wa ni ìlérí pé a kò ní fọwọ́ kan ògiri mọ́. Ìlérí yẹn ni kò lè mú ṣẹ.

Kí a má baà ṣe àṣejù

Àtúnṣe àṣìṣe kò gbọdọ̀ di àṣìṣe mìíràn. Ilé bulọ́ọ̀kù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí; sìmẹ́ńtì ni bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, ó bá a mu. Bíríkì tí a po amọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ pọ̀, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òun náà, nítorí ara kan ni, kì í ṣe awọ líle lórí ara rírọ̀. Ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lè pẹ́ gan-an bí omi kò bá dé ibẹ̀, àwọn ilé kòkó jẹ́rìí sí i. Ohun tí sìmẹ́ńtì gbà lọ́wọ́ ilé ni ààyè àforíjì. Ògiri tó ṣí á fara da ọdún kan tí òrùlé jò. Ògiri tí a dì pa kò ní lè fara dà á.

Àwọn tó ń gbèjà amọ̀ náà ní àsọdùn tiwọn. Wọ́n á ní "ògiri ń mí." Ògiri kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Omi ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Bí a bá gbàgbé pé àfiwé ni, a ó máa rò pé fèrèsé kò wúlò mọ́.

Iṣẹ́ tí síkátìn ń ṣe

Iṣẹ́ mẹ́ta ni síkátìn ní. Ó ń bo ojú ibi tí ìrẹ́lé àti ilẹ̀ ti pàdé, tí kì í gún rárá. Ó ń gba ìyà ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ àga àti omi tí a fi ń nu ilẹ̀, kí ògiri má baà gbà á. Ó sì ń fún yàrá ní ìlà tó dùn ún wò. Kò sí èyí tó jẹ́ lílé omi nínú wọn. Ẹ wo yàrá tí ìdí ògiri rẹ̀ rin tí wọ́n sì to táìsì sí: ibi tí ọ̀dà ti ń bó kì í ṣe lára táìsì, bí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan lókè rẹ̀ ni. Omi kò dúró. Ó gun táìsì kọjá ni.

Ti pákó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìdí ògiri kò bá gbẹ, nítorí ó di afárá fún ikán, ó sì tún bo ọ̀nà wọn lójú. Ibi tí síkátìn onípákó ti tọ́ ní ilé àtijọ́ ni òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ilẹ̀ jẹ́ pákó, tí omi ilẹ̀ kò sì lè dé.

Níbẹ̀ pàápàá, àṣìṣe kan wà tí àwọn káfíńtà ọ̀dọ́ ń ṣe. Wọ́n á bá ògiri tó wọ́, wọ́n á ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì nà án kí pákó lè jókòó. Pákó ló yẹ kó tẹ̀lé ilé, ilé kọ́ ló yẹ kó tẹ̀lé pákó. Ẹ gbé pákó sí ibi tó máa wà. Ẹ mú ègé igi kékeré kan tí ó nípọn tó ibi tí àlàfo ti pọ̀ jù, ẹ gbé pẹ́ńsù lé e, kí ẹ fà á lórí ilẹ̀ láti igun dé igun. Ìlà tí pẹ́ńsù bá fi sára pákó ni ìrísí ilẹ̀ yín gan-an. Ayùn á tẹ̀lé e. Ní igun tó yọ síta, ẹ gé pákó méjèèjì ní ìdagun kí ẹnu wọn pàdé. Ní igun inú, ẹ má gé e bẹ́ẹ̀, nítorí igun ilé àtijọ́ kì í dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí pákó kan kan ògiri, kí ẹ sì gbẹ́ ẹnu èkejì kó gba ìrísí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn pákó kí ẹ tó kàn án, ẹ fi àlàfo mìlímítà díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ sì lo igi líle bí ìrókò. Ìṣó ni kí ẹ fi dè é mọ́ èèkàn igi tí a rì sínú ògiri, kì í ṣe sìmẹ́ńtì.

Bí àtúnṣe ṣe yẹ kó tẹ̀ léra

Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún òrùlé ṣe, kí ẹ sì mú omi rẹ̀ jìnnà sí ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ilé po. Níbi tí ilẹ̀ òde bá ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ẹ gbẹ́ ẹ wálẹ̀. Níbi tí àgbàrá ti jẹ ìdí ilé, bí ó ti wọ́pọ̀ ní àwọn agbo ilé Ìbàdàn, ẹ dí i padà, kí ẹ sì fún àgbàrá ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ wádìí ibi tí omi ti ń wá. Ẹ lẹ náílọ̀n funfun tó fẹ̀ tó ojú ìwé mọ́ ògiri, ẹ dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ògiri, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Bí ó bá sẹ̀ sí iwájú, inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá, fèrèsé ni ẹ ó ṣí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kan ògiri. Ibi tó bá ń dún gbọ̀ọ̀ ni kí ẹ ṣí, díẹ̀-díẹ̀, pẹ̀lú igi tí ẹ fi ti òkè, nítorí ògiri tó rin lè wó lé oníṣẹ́ lórí. Ibi tí sìmẹ́ńtì bá ṣì lẹ̀ típẹ́típẹ́, pàápàá òdòdó àti òpó tí àwọn àgbà mọ, ẹ má fi òòlù kàn án. Á wọ́ amọ̀ dání bọ̀. Kí ògiri wá gbẹ. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oṣù kan fún ínǹṣì kan. Níbí, ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko.

Irú ilẹ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n ni kí ẹ fi dí i. Ẹ bu ilẹ̀ náà sínú ìgò pẹ̀lú omi, ẹ mì í, kí ẹ gbé e kalẹ̀: iyanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀ kíákíá, ilẹ̀ kúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ á kẹ́yìn. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ó máa sán, ẹ fi iyanrìn kún un. Ẹ gé koríko gbígbẹ sí i, ẹ fi omi wọ́n ara ògiri, kí ẹ sì dí i ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹfun tí a pò mọ́ omi ni kí ẹ fi kùn ún, kì í ṣe ọ̀dà olóròóro. Síkátìn ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Bí a ṣe ṣe yàrá ẹ̀yìn yẹn nìyẹn. Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, mo tún fi oríkèé ìka kan ògiri náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Kọ́ ni ó dún dé ìbàdí, kọ́ ni ó dún dé orúnkún. Ní kókósẹ̀ nìkan ni ohùn náà ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Àbúrò ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni káfíńtà ń bọ̀ wá to síkátìn, nítorí ìdí ògiri wà ní ìhòòhò. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún yìí kọ́kọ́ rọ̀ tán, sà. Ìhòòhò yẹn la fi máa mọ̀ bóyá ó ti gbẹ."